Lẹ́ńsì ojú ọmọ mi ti yẹ̀ láyè, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní ó kù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌBÉÈRÈ, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ ti sú mi. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 6. Ó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó tín-ín-rín, ìka rẹ̀ gùn, àwọn èèyàn a sì máa sọ pé bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni yóò fi là wá. Ojú rẹ̀ ni kò dáa. A ti pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ léraléra, ìwájú pátápátá ni tíṣà ń fi í jókòó sí, síbẹ̀ kò rí pátákó. Dókítà ojú wá sọ pé àìsàn kan tó ń jẹ́ Marfan ló ń ṣe é, pé lẹ́ńsì inú ojú rẹ̀ méjèèjì ti yẹ̀ kúrò láyè wọn, pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi yọ wọ́n. Ìyá ọkọ mi ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ, pé wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ kan ní Ìsínkàn, ojú náà sì fọ́. Bàbá rẹ̀ ní ká ní sùúrù kó dàgbà ná. Wọ́n tún ní ká kọ́kọ́ lọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀, owó yẹn sì pọ̀. Kí ló kan ọkàn nínú ọ̀rọ̀ ojú? Ṣé òótọ́ ni pé ojú àwọn ọmọ báyìí kì í gba iṣẹ́ abẹ? Tí wọ́n bá sì yọ lẹ́ńsì náà, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀?

* * *

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Nọ́ọ̀sì ojú ni mí, Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ àbúrò mi obìnrin náà ní Marfan, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yín fi wọ̀ mí lára.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ọkàn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni ẹ fẹ́ fò dá, òun gan-an ló sì lè gba ẹ̀mí ọmọ. Ẹ lọ yà á. Dókítà tó ní kí ẹ ya àwòrán ọkàn kí òun tó fọwọ́ kan ojú ọmọ yín mọ ohun tó ń ṣe. Èyí tó bá ní kí ẹ gbé ọmọ wá lọ́la láìbéèrè ohunkóhun nípa ọkàn rẹ̀ ni kí ẹ sá fún.

Marfan kì í ṣe àìsàn ojú nìkan. Antoine Marfan, dókítà àwọn ọmọdé kan nílẹ̀ Faransé, ló ṣàpèjúwe ọmọbìnrin kan tí ìka rẹ̀ gùn lọ́nà àrà lọ́dún 1896, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà. Àwọn okùn tín-ín-rín tó so ẹ̀yà ara pọ̀ ni kò lágbára. Ara ní èròjà kan tó fi ń hun okùn yìí, fibrillin-1 lórúkọ rẹ̀. Jíìnì tó ń darí rẹ̀ ni FBN1, lọ́dún 1991 ni àwọn onímọ̀ sì rí i pé òun ló máa ń ní àbùkù nínú Marfan. Èròjà yìí ló wà nínú àwọn okùn tó gbé lẹ́ńsì dúró sínú ojú. Òun náà ló wà nínú ògiri iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn. Bí okùn ojú bá ti dẹ̀, iṣan ọkàn náà lè ti máa fẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ ṣàìsàn kankan tí ẹ rí.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọ ọdún 6 kò lè dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ nínú ojú rẹ̀, oorun àsùnwọra ni wọ́n máa ń fún un. Nígbà tí wọ́n bá ń ti rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó lè máa mí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a máa ga lójijì. Iṣan tó ti fẹ̀ jù lè ya níbẹ̀. Dókítà tó ń fún un ní oògùn oorun lè dènà èyí bó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àní nínú oògùn tí wọ́n ń kán sójú kí ọmọlójú lè fẹ̀, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ phenylephrine tó máa ń gbé ìfúnpá sókè, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tí kò le, ti ìdá 2.5 nínú 100, ni wọ́n ń kán fún ọmọdé, wọn kì í kán ti ìdá 10. Ẹ̀dọ̀fóró wọn náà lè jò. Gbogbo èyí ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó sùn.

* * *

Bàbá kan láti Ìjàpọ̀ kọ̀wé sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé: "Ọgbọ́n àtigbowó ni gbogbo àyẹ̀wò yìí. Ilé-ìwòsàn kan á ní kẹ́ ẹ yà á, ẹ dé ìkejì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún un yà."

Ẹ̀gbọ́n, àyẹ̀wò tí wọ́n ń tún ṣe láìnídìí wà lóòótọ́, mo ti rí i. Ẹ máa gba èsì yín lọ́wọ́ wọn, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì kan, ẹ gbé e dání lọ sí ibikíbi, kí ẹ sì bá ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe jiyàn. Ṣùgbọ́n àwòrán ọkàn yìí kì í ṣe nítorí iṣẹ́ abẹ ojú nìkan. Ká tiẹ̀ sọ pé wọn kò ní fọwọ́ kan ojú ọmọ yìí láéláé, ó ṣì gbọ́dọ̀ máa ya ọkàn rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà títí ayé rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣan náà ń fẹ̀ àti bóyá ó ti yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tó ń dín wàhálà ọkàn kù. Nítorí náà, ẹ má ka owó yẹn mọ́ owó ojú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ojú tó yẹ̀ yìí ló jẹ́ kí wọ́n tètè rí ọkàn tí ì bá pa wọ́n láìròtẹ́lẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí lẹ́ńsì.

Ẹ wo kánópì tí wọ́n ta síta gbangba níbi ìnáwó: bí okùn ẹ̀gbẹ́ kan bá dẹ̀, gbogbo rẹ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ńsì ojú wọn ṣe ń yẹ̀, ti Marfan a sì sábà máa fì sókè, síhà etí. Ìdajì àwọn tó ní Marfan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ó lè yẹ̀ díẹ̀ kó dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti bàbá ọmọ mọ̀ ni pé yíyẹ̀ nìkan kò sọ pé kí wọ́n gbé ọ̀bẹ. Bí lẹ́ńsì bá ṣì bo ọmọlójú dáadáa, gíláàsì tí wọ́n fara balẹ̀ wọ̀n lè tó. Bó bá ti yẹ̀ kúrò pátápátá tó fi jẹ́ pé àlàfo ni ọmọ ń gbà ríran, wọ́n tún lè wọn gíláàsì fún àlàfo náà. Ibi tó le jù ni ìgbà tí etí lẹ́ńsì bá pín ọmọlójú sí méjì gẹ́lẹ́: ọmọ á máa rí nǹkan ní ìdàrúdàpọ̀, gíláàsì wo lẹ sì fẹ́ wọ̀n fún irú ojú bẹ́ẹ̀? Irú rẹ̀ ni wọ́n sábà ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bí ẹ ṣe sọ pé ẹ ti pààrọ̀ gíláàsì léraléra láìsí ìyàtọ̀, ó jọ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yín wà. Ẹ bi dókítà yín pé: "Níbo gan-an ni etí lẹ́ńsì wà báyìí?" Ẹ ní kó yà á sórí ìwé fún yín.

* * *

Ẹ̀gbọ́n mi kan láti Ọ̀wọ̀ gba bàbá ọmọ lẹ́yìn, ó ní: "Ẹ fi sílẹ̀ kó pé ọdún 18, kó lè fẹnu ara rẹ̀ gbà. Ojú ọmọdé ṣì rọ̀."

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò gbà, mi ò sì lè dákẹ́ lórí èyí. Ojú nìkan kọ́ ló ń ríran, ọpọlọ ló ń kọ́ bí a ṣe ń rí, ìgbà èwe ló sì ń kọ́ ọ. Bí ojú bá ń gbé àwòrán tó dàrú lọ sí ọpọlọ lọ́dọọdún, ọpọlọ á pa ojú yẹn tì. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti pé bí ọmọ ọdún 7 tàbí 8, ó máa ń ṣòro gidigidi láti jí i padà. Tí wọ́n bá wá yọ lẹ́ńsì náà nígbà tó pé ọdún 18, iṣẹ́ abẹ lè yọrí sí rere, kí ojú mọ́ rekete, kí ọmọ má sì ríran tó fi kàwé. Ọmọ ọdún 6 ni ti màmá yìí. Kò sí àyè kí ẹbí máa ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí.

Ìgbà kan tún wà tí wọn kì í dúró rárá: bí lẹ́ńsì bá jábọ́ síwájú ọmọlójú. Ojú á pọ́n, á máa dun ọmọ, orí á fọ́ ọ, á lè máa bì. Omi inú ojú kò rọ́nà lọ nìyẹn, ìfúnpá ojú ń ga, kí ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òru. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹ bá ń lọ, kí ẹ má sì kán ohunkóhun sí i.

Mo tún ti rí òdìkejì rẹ̀: àwọn tó ń sáré ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ tí gíláàsì ṣì ń ràn lọ́wọ́. Ìyẹn náà kò dáa.

* * *

Ṣé òótọ́ ni pé ojú wọn kì í gba iṣẹ́ abẹ?

Ó ń gbà á. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò rí bí ojú ọmọ mìíràn, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé kò sí ewu kankan kò ṣe yín lóore.

Ẹ lọ bi àwọn òbí ọmọ Ìsínkàn yẹn léèrè ohun kan: ìgbà wo ni ojú náà fọ́? Bó bá jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ojú pọ́n, tí ó wú, tí ó ń ṣọyún, kòkòrò ló wọ̀ ọ́, ìyẹn sì lè ṣẹlẹ̀ sí ojú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣí. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún ni, tí ọmọ ti ń ríran bọ̀ dáadáa kó tó di pé ó ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, òun sì ni ọ̀rọ̀ Marfan gan-an.

Ẹyin ojú wọn sábà máa ń gùn ju ti ẹlòmíràn lọ. Awọ tó ń gba àwòrán lẹ́yìn ojú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní retina, á wá fẹ́lẹ́ nítorí pé wọ́n nà án. Jẹ́lì kan wà nínú ojú tó lẹ̀ mọ́ awọ yìí. Tí wọ́n bá fa jẹ́lì náà ní ìfàkufà nígbà tí wọ́n ń yọ lẹ́ńsì, awọ lè ya, omi á gba ibẹ̀ wọlé, awọ á sì ṣí kúrò lára ògiri ojú. Láìṣe iṣẹ́ abẹ kankan, ó lè ṣí nínú ojú ẹni tó ní Marfan. Iṣẹ́ abẹ fi kún un. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi máa ń fi ẹ̀rọ kékeré gé jẹ́lì yẹn kúrò pẹ̀lú lẹ́ńsì, dípò kí wọ́n fà á. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ ṣe ti ọmọ yín ní ẹ̀rọ náà, bóyá ó sì ti ń lò ó fún ọmọdé.

Èkejì ni glaucoma, kí ìfúnpá inú ojú máa ga díẹ̀díẹ̀, kó máa jẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Kì í dunni. Ọmọ á máa ṣeré kiri inú ilé, ojú á sì máa lọ. Ọmọ tí wọ́n ti yọ lẹ́ńsì rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn ìfúnpá ojú náà.

Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ? Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn òbí máa ń jó, wọ́n máa ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí báńdéèjì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ò ní rí wọn mọ́. Ọmọ á ti ń lọ sílé ìwé, ó ń ríran, ta ló tún fẹ́ wọkọ̀ wá jókòó látàárọ̀ kí wọ́n kàn tan iná sí i lójú? Ìgbà tí wọ́n bá tún wá, ojú kan á ti lọ. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí. Iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ dára. Àìpadàwá ló fọ́ ojú wọn.

* * *

Àbúrò kan ní ìlú Oǹdó ní: "Wọ́n ṣe ojú funfun bàbá mi, wọ́n fi lẹ́ńsì tuntun sí i, lọ́jọ́ kejì ló ń ka Bíbélì. Kí ló dé tí wọn ò ní fi sí ti ọmọ yìí?"

Inú mi dùn fún bàbá. Ojú rẹ̀ ní àpò tó lágbára tí wọ́n gbé lẹ́ńsì tuntun lé, okùn tó di àpò yẹn mú sì le. Ti ọmọ Marfan, okùn yẹn gan-an ló bàjẹ́. Níbo ni wọ́n fẹ́ gbé e lé?

Ọ̀nà wà o. Àwọn kan ń fi òrùka kan na àpò náà, wọ́n á sì rán òrùka mọ́ ògiri ojú. Àwọn kan ń so lẹ́ńsì mọ́ awọ aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká. Àwọn mìíràn ń fi òwú rán lẹ́ńsì mọ́ ara ẹyin ojú. Òwú tí wọ́n ń lò tipẹ́, tí wọ́n ń pè ní Prolene 10-0, tín-ín ju irun orí lọ, ó sì máa ń já lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Fún arúgbó, ìyẹn lè máà ṣe nǹkan kan. Fún ọmọ ọdún 6, ó lè já nígbà tó bá wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kí lẹ́ńsì sì ṣubú sẹ́yìn ojú. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ti kúrò lórí òwú yìí, wọ́n ń lo èyí tó nípọn jù ú lọ tàbí Gore-Tex. Bí wọ́n bá fẹ́ rán an fún ọmọ yín, ẹ béèrè orúkọ òwú náà. Ẹ má tijú.

Èrò tèmi ni pé, fún ọmọ kékeré tó ní Marfan, kí wọ́n yọ lẹ́ńsì, kí wọ́n má fi òmíràn sí i nísinsìnyí, kí ó máa lo gíláàsì tó nípọn tàbí lẹ́ńsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú, títí tí ẹyin ojú yóò fi dàgbà. Bó bá fẹ́ kí wọ́n fi lẹ́ńsì sí i nígbà tó bá dàgbà, àyè wà. Àwọn dókítà tí mo bọ̀wọ̀ fún kò fara mọ́ mi lórí èyí, wọ́n ní ọmọ tí kò bá ní wọ gíláàsì rẹ̀ sàn kó ní lẹ́ńsì nínú ojú ju kí ọpọlọ pa ojú náà tì. Mo mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ àbúrò mi, gíláàsì ni wọ́n fún un. Ọdún àkọ́kọ́ le. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní "Olójú Mẹ́rin", ó ń jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ ń wá a káàkiri láàárọ̀. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀, wọ́n bá tíṣà sọ̀rọ̀. Ó mọ́ ọn lára. Ó wà ní JSS báyìí, ìwé kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ sì ṣì dúró.

Nǹkan kan tí wọn kì í sọ fún òbí: ojú tí kò ní lẹ́ńsì kò lè yí láti ọ̀nà jíjìn sí ìtòsí. Gíláàsì tí wọ́n wọ̀n fún pátákó kò ní ṣe fún ìwé. Onílà méjì ni kí wọ́n ṣe fún un, tàbí kí ó ní méjì. Bí ojú kan bá sì lágbára ju èkejì lọ, wọ́n lè ní kí ẹ máa fi pátì, ìyẹn ohun ìbojú kékeré, bo èyí tó dáa fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́. Ọmọ á sunkún, ẹ sáà bò ó.

* * *

Mo fẹ́ yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ oògùn, nítorí ẹnì kan láti Ìdànrè ní àgbo kan wà tí òun máa fi ránṣẹ́, pé kí wọ́n kán an sójú ọmọ náà ní alẹ́ mẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ewé kì í di okùn tó já nínú ojú. Ẹ má kán àgbo, ẹ má kán omi ọyàn, ẹ má kán ìtọ̀. Bákan náà ni ti ẹ̀kán ojú tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì tó ń mú kí ojú tó pọ́n tètè mọ́. Oògùn steroid ló wà nínú òmíràn nínú wọn, bí ẹ bá sì ń lò ó pẹ́ láìsí dókítà, ó ń gbé ìfúnpá ojú ga. Mo ti rí ọmọ tí ojú rẹ̀ lọ báyẹn láìní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀.

Òmíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Gbogbo wa là ń ra Cipro bí inú bá ti ń run wá. Ní oṣù December 2018, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé oògùn irú èyí, tí a ń gbé mì tàbí tí a ń gún lábẹ́rẹ́, lè mú kí iṣan ńlá ọkàn ya, wọ́n sì dárúkọ àwọn tó ní Marfan àti Ehlers-Danlos, àìsàn okùn ara mìíràn, pé kí wọ́n yẹra fún un àfi bí kò bá sí òmíràn. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná yín. Ẹ sọ fún ìyá ọkọ yín, torí òun ló lè rà á fún ọmọ nígbà tí ẹ ò sí nílé.

* * *

Ìyá kan láti Ìkàrẹ́ ní: "Ti ọmọbìnrin mi ìsàlẹ̀ ni wọ́n ní lẹ́ńsì ń lọ, kì í ṣe òkè. Òun náà ga. Ìwé kì í tètè yé e. Ṣé Marfan náà ni?"

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ yẹn ní oògùn oorun kí ẹ tó bi dókítà léèrè nípa homocystinuria. Ó jọ Marfan lójú ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni: ara kò lè lo èròjà kan látinú oúnjẹ, èròjà náà ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn sì máa ń dì. Ìsàlẹ̀ ni lẹ́ńsì wọn sábà ń fì sí, ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè mọ̀wé. Ewu iṣẹ́ abẹ wọn ni ẹ̀jẹ̀ dídì, nínú oorun náà tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá jí, títí dé inú ọpọlọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ń fi í hàn. Fítámìnì B6 lásán ń ran àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́ gidigidi.

Ẹ̀yin tí ẹ tún béèrè nípa ọmọ tí funfun ẹyinjú rẹ̀ dà bíi búlúù tí egungun rẹ̀ sì ń tètè kán: òun náà wà nínú ẹbí àìsàn okùn ara tí kò lágbára, ògiri ẹyin ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àjà ẹnu tó là, tí kò sì rí ọ̀ọ́kán láti kékeré, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ dáadáa nítorí àìsàn okùn ara mìíràn tó ń jẹ́ Stickler. Retina tiwọn ń ya ju ti Marfan lọ.

* * *

Màmá Òkè-Àró tún kọ̀wé: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ti là mí lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Níbo ni ká ti ṣe é, kí sì ni kí n máa ṣọ́?"

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ó ti ṣe é, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tí ẹ nílò kọjá dókítà ojú kan ṣoṣo: ẹ nílò dókítà ojú àwọn ọmọdé, dókítà ọkàn, ẹni tó mọ oorun ọmọdé, àti ẹni tó mọ iṣẹ́ retina, kí wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi máa ń kọ̀wé ran irú ọmọ báyìí láti Àkúrẹ́ lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, UCH ní Ìbàdàn tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Mo mọ bí ọ̀nà Iléṣà ṣe rí, mo mọ owó ọkọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìwé tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún dókítà kan ní Àkúrẹ́ níbí tí yóò máa wọn ìfúnpá ojú rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé owó mọ́tò ni yóò dá yín dúró. Bí bàbá rẹ̀ bá wà lábẹ́ ìṣègùn adójútòfò, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń san àti èyí tí wọn kò san kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ má jẹun láti òru, kó má jẹun. Ìyá àgbà kan yọ́ àkàrà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ iṣẹ́ abẹ nítorí àánú, ọmọ bì í sínú oorun. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó wà nítòsí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kó má fi ọwọ́ nù ojú, kó má bá ẹnikẹ́ni jìjàkadì. Bí ojú bá túbọ̀ ń pọ́n, tí ó ń dùn ún sí i dípò kó máa fúyẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni mànàmáná tó ń kọ nínú ojú, àwọn nǹkan dúdú tó ń fò kiri, tàbí òjìji tó ń bo ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọdé kì í sọ ọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ní kó ka kàlẹ́ńdà ara ògiri. Bí ojú kan bá kọ̀, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Retina tó ṣí tí wọ́n tètè lẹ̀ padà lè ríran. Èyí tó pẹ́ kì í sábà gbà.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá tí wọ́n ń fi ọmọ yín lá àlá rẹ̀, ẹ bi dókítà ọkàn kí ẹnikẹ́ni tó kó o wọ ẹgbẹ́ eré ìdárayá. Flo Hyman, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú volleyball níbi Òlíńpíìkì 1984, ṣubú lulẹ̀ níbi ìdíje kan ní Japan ní oṣù January 1986, ó sì kú. Iṣan ọkàn rẹ̀ ló ya. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé Marfan ni. Wọ́n yẹ arákùnrin rẹ̀ wò, òun náà ní in, wọ́n sì rí i ṣe fún un.

Èyí ló mú mi dé ìbéèrè tí ẹnì kankan kò tíì bi yín. Ta ló ga báyìí nínú ẹbí? Nínú ọmọ 4 tó ní Marfan, bí 3 ló jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tàbí ìyá, èyí tó kù ló bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ fúnra rẹ̀. Bí òbí kan bá ní in, ìdajì-ìdajì ni fún oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ pé bàbá rẹ̀ ní ká dúró. Bí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ ya àwòrán ọkàn, kí bàbá rẹ̀ bá yín lọ, kí wọ́n ya tiẹ̀ náà, kí ẹ̀yin náà ya tiyín, kí ẹ sì mú àwọn àbúrò rẹ̀ dání.